Báwo ni wọ́n ṣe ń fún ewu ní máàkì nínú FMEA, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń wá ibi tí iṣẹ́ ti lè kùnà àti ohun tó lè tìdí ẹ̀ yọ?

Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń fún ní máàkì láti 1 dé 10: bí àbájáde ewu náà ṣe burú tó, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́ tó, àti bó ṣe ṣòro tó láti rí i kó tó ṣọṣẹ́. Wọ́n á wá fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́po ara wọn. Máàkì kẹta ló ń da ọ̀pọ̀ rú: 10 túmọ̀ sí pé kò ṣeé rí rárá.

Kọ ewu náà sílẹ̀ ní kíkún kó o tó fún un ní máàkì. Fún aláró ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, "kọ́sítíìkì sódà" nìkan kò tó. "Omi sódà ta sójú ẹni tó ń ro aró" ló yẹ. Ó lè fọ́ni lójú, ká fún un ní 9. Ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 4. Kì í fúnni ní àmì ṣáájú, 8. Ìlọ́po mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 288. Awò tó bo ojú lè sọ 4 di 2, àmọ́ 9 kì í sábà yẹ̀ àfi tí wọ́n bá pààrọ̀ sódà fúnra rẹ̀.

Má gbára lé ìlọ́po nìkan: 10×2×2 jẹ́ 40, 4×4×4 sì jẹ́ 64, bẹ́ẹ̀ èyí àkọ́kọ́ lè pani. Ìdí nìyí tí ìwé ìlànà ọdún 2019 ti AIAG àti VDA, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Jámánì, fi pa ìlọ́po tì.