Ẹ Bi Wá: Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró lójú kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 4, jẹ́lé-ó-sinmi ló wà. Olùkọ́ rẹ̀ ní kì í jókòó, pé kì í parí ohun tó bá bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí mo bá gbé fóònù fún un, ó lè wo eré àwòrán fún wákàtí 2 láìmira. Ṣé oríkunkun ni?
Ìyá kan, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìdáhùn: Oríkunkun kọ́. Fóònù ló di ojú rẹ̀ mú, òun kọ́ ló fọkàn sí i. Kí ojú rẹ̀ tó ṣí kúrò lórí àwòrán kan, òmíràn ti dé pẹ̀lú ariwo tuntun. Bó bá ń sín ìlẹ̀kẹ̀ tàbí tó ń wo ìwé, kò sí ohun tó ń fà á báyẹn. Bí ọkàn rẹ̀ bá ṣáko, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dá a padà. Ìdápadà yẹn gan-an ló yẹ kó kọ́.

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 3 sí 4 má jókòó ti irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́, kó sì máa sun oorun wákàtí 10 sí 13. Ẹ ṣírò oorun tirẹ̀. Bó bá ń dúró de yín títí ẹ ó fi ti ọjà Òkè-Ajé dé, tó sùn ní aago 10, tí ẹ sì jí i ní aago 5 ààbọ̀, wákàtí 7 ààbọ̀ péré ló sùn. Ọmọ tí oorun kò tó kì í sábà tòògbé bí àgbàlagbà. Ńṣe ló máa ń sáré kiri.

Ẹ wá fi ẹ̀wà kọ́ ọ. Ẹ bu ìdajì agolo mílíìkì ẹ̀wà sínú àwo fẹ̀ǹgẹ̀, kí ẹ po hóró àgbàdo 15 mọ́ ọn. Ẹ ṣa hóró àgbàdo 2 sínú ife lójú rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, torí ọmọ tó ń gbọ́ àlàyé kì í ráyè wo ọwọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e fún un. Bó bá fi í sílẹ̀ láàárín, iṣẹ́ náà pọ̀ jù: ẹ dín in sí hóró 5. Bó bá tètè parí, ẹ fi kún un lọ́jọ́ kejì. Ìṣẹ́jú 5 sí 8 ti tó fún ọmọ ọdún 4. Ẹ jókòó tì í o, kí ó má baà ki hóró bọ imú tàbí etí, kí ẹ má sì jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ tí kò tí ì pé ọdún 3 sún mọ́ ibẹ̀.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù lọ, àwa àgbà ni. Ọmọ ń ṣa hóró lọ́wọ́, a ó pè é kó wá kí àlejò. A ó rán an lọ bu omi wá. A tilẹ̀ lè kígbe pé "O káre!" kí ọkàn rẹ̀ sì fò kúrò níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó parí. Bó bá gbé orí sókè fúnra rẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ yìn ín.

Ìbéèrè: Ìsọ̀ obì mi ni ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún 6, ti ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Láti aago 3 títí di aago 6, kò ní í tán.
Ìyá Àgbà, Ṣágámù

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹun, kó sì sáré ṣeré díẹ̀. Kó kọ ẹ̀yìn sí títì, kí ẹ sì pa rédíò. Ẹ fi bébà bo ojú ìwé náà kó lè jẹ́ ìlà kan péré ni yóò máa rí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń rẹ̀wẹ̀sì nígbà tí wọ́n bá rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kó ṣe é fún ìṣẹ́jú 10, kó dìde fún ìṣẹ́jú 5, kó tún padà. Ẹ má ṣe rán an níṣẹ́ mẹ́ta pọ̀. Ọ̀kan ni kó kọ́kọ́ jẹ́ tán.

Obì yín náà wúlò. Ẹ po gbànja mọ́ àbàtà, kó yà wọ́n sọ́tọ̀: gbànja awẹ́ méjì, àbàtà awẹ́ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò ní láti wo ọ̀kọ̀ọ̀kan dáadáa kó tó sọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ṣúgà inú gàrí ló ń jẹ́ kí ọmọ mi má lè jókòó?
Bàbá kan, Ìkẹ́nnẹ́

Ìdáhùn: Ìwádìí kò fi hàn pé ṣúgà ló ń fà á, bó tilẹ̀ ń ba eyín jẹ́. Ohun tí gàrí nìkan kò ní tó ni èròjà tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀, àìtó rẹ̀ sì ń dín ìfọkànsí kù. Ẹ fi ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹ̀fọ́ kún un, kó mu ọsàn tẹ̀ lé e, kì í ṣe tíì, torí tíì kì í jẹ́ kí ara gba èròjà náà dáadáa. Ẹ má ra oògùn ẹ̀jẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò.

Ẹ tún pè é ní ohùn jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn. Bí kò bá dáhùn lọ́pọ̀ ìgbà, ó lè jẹ́ etí. Bí àìjókòó náà bá ti lé ní oṣù 6, nílé àti nílé ìwé, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé ní ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó wà ní Ṣágámù, kí ẹ sì mú ohun tí olùkọ́ rẹ̀ kọ nípa rẹ̀ dání.