“Qui”, “que” àbí “dont”: èwo ni kí n lò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Mò ń múra sílẹ̀ fún DELF B1, ìdánwò èdè Faransé. Wọ́n kọ́ mi pé ènìyàn ló ń gba “qui”, nǹkan ló ń gba “que”, àmọ́ bí mo bá ti lò ó bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní mi ò gbà á. “Dont” ní tirẹ̀, mo máa ń sá fún un ni. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìbéèrè ni òfin tí wọ́n kọ́ yín yẹn wà fún: “Qui vient?” (Ta ló ń bọ̀?). Tí a bá fẹ́ ṣàpèjúwe ọ̀rọ̀-orúkọ, kò bá a mu mọ́. “Le bus qui arrive” (bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀): bọ́ọ̀sì kì í ṣe ènìyàn, síbẹ̀ “qui” ló gbà. “La femme que j'ai vue” (obìnrin tí mo rí): ènìyàn ni obìnrin, “que” ló gbà.

Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀-orúkọ náà ń ṣe ni kí ẹ wò. Tó bá jẹ́ olùwà (ẹni tàbí ohun tó ń ṣe ìṣe náà), “qui”. Tó bá jẹ́ àbọ̀ (ẹni tàbí ohun tí wọ́n ṣe ìṣe náà sí), “que”. Ohun tó ń dà wá rú ni pé “tí” kan ṣoṣo la ní fún méjèèjì. Ẹ wo “ìwé tí ó wà lórí tábìlì” àti “ìwé tí ó ń kà”. Ta ni “ó” yẹn? Nínú ti àkọ́kọ́, ìwé fúnra rẹ̀ ni: “le livre qui est sur la table”. Nínú ti kejì, ẹlòmíràn ni: “le livre qu'il lit”. Ẹ máa bi ara yín léèrè bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Ẹ sì rántí pé “que” máa ń di “qu'” níwájú fáwẹ́lì. “Qui” kì í gé rárá.

Ẹ má sá fún “dont” mọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá ń bá “de” rìn ló ń pè é: “parler de” (sọ̀rọ̀ nípa), “se souvenir de” (rántí), “avoir besoin de” (nílò). Nítorí náà, “le livre dont j'ai besoin” (ìwé tí mo nílò). Ẹ lè gbọ́ “que j'ai besoin” lẹ́nu àwọn Faransé pàápàá, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ nínú ìdánwò o.

“Dont” tún ń ṣiṣẹ́ “rẹ̀”, ibẹ̀ sì ni èdè wa ti máa ń fà wá ṣubú jù. A máa ń sọ pé “obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn”, “rẹ̀” yẹn kò ṣeé yọ. Ẹni tó bá ń ro Yorùbá á wá kọ “la femme dont son fils est malade”. Àṣìṣe ni, torí “rẹ̀” ti wà nínú “dont”. “La femme dont le fils est malade” ló tọ̀nà.

“Où” kò le: ó wà fún ibi, ó sì wà fún àkókò, bíi “le jour où je suis arrivé” (ọjọ́ tí mo dé). Kì í ṣe “quand” níbẹ̀ yẹn.

Láti òní lọ, tí ẹ bá ń kọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tuntun, ẹ kọ “de” tàbí “à” rẹ̀ mọ́ ọn nínú ìwé yín. Ẹni tó mọ “avoir besoin” láìmọ “de” rẹ̀ kò lè mọ ìgbà tí “dont” yẹ.