Chips Lẹ Fẹ́ Àbí Crisps? Ìdáhùn Sáwọn Ìbéèrè Yín

Pọ̀tétò dídín ló gbawájú nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, a bá kúkú mú mẹ́ta nínú wọn ká dáhùn wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ìpékeré àti pọ̀tétò dídín ni mò ń tà lọ́nà tó lọ sí Igbó Ọ̀ṣun níbí l'Óṣogbo. Tó bá ti di oṣù kẹjọ tọ́dún Ọ̀ṣun ń lọ lọ́wọ́, àlejò òkè òkun máa ń pọ̀ gan-an, ọjà ń tà, ṣùgbọ́n a kì í gbọ́ra wa yé. Ẹnì kan ní chips lòun fẹ́, mo bá bu pọ̀tétò gbígbóná fún un, ló bá ń mirí, ìpékeré inú ọ̀rá ló ń nàka sí. Òmíì á ní crisps, òmíì á ní fries, àwọn ará Brazil tún ní tiwọn tí mi ò rántí bí wọ́n ṣe ń pè é. Ọmọ mi fẹ́ bá mi ṣe sáìnbọ́ọ̀dù tuntun kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé, kí la máa kọ síbẹ̀ tó máa yé gbogbo wọn? — Ìyá Onípékeré, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, Ìyá wa, ẹ ó tà, ẹ ó sì jèrè. Kí n tó kan ti sáìnbọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ yìí yé yín torí ó dùn ún mọ̀. Nǹkan méjì péré ni gbogbo wọn ń bèèrè. Ọ̀kan ni pọ̀tétò tí wọ́n gé gbọọrọ bí ìka, tí wọ́n ń jẹ ní gbígbóná. Èkejì lèyí tí wọ́n rẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n dín títí tó fi gbẹ, tí wọ́n wá dì sínú ọ̀rá, tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ń jẹ ẹ́, ẹni tó jókòó tì yín á máa gbọ́ ìró ẹ̀. Orúkọ tí wọ́n á pè é ni wọn ò fohùn ṣọ̀kan lé lórí.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ti gbígbóná ni wọ́n ń pè ní chips, ó máa ń nípọn, ẹja ni wọ́n sì máa ń fi jẹ ẹ́, wọ́n á wọ́n iyọ̀ àti fínígà sí i. Láti nǹkan bí ọdún 1860 sókè ni ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹja pẹ̀lú chips ti wà lọ́dọ̀ wọn, kódà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí ìjọba ń wọn oúnjẹ fáwọn aráàlú, wọn ò wọn ẹja àti chips, ẹ wo bó ṣe ká wọn lára tó. Èyí tó gbẹ ni wọ́n ń pè ní crisps. Frank Smith tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1920, kì í fi iyọ̀ sí i látilẹ̀, ṣe ló máa ń wé iyọ̀ sínú bébà búlúù kékeré kan, á jù ú sínú ọ̀rá, kí oníkálukú wọ́n ọn bó ṣe fẹ́. Ìyá wa, ẹ ronú sí ìyẹn o, torí àwọn àlejò yín kan ò lè jẹ ata wa yìí rárá, tẹ́ ẹ bá wé ata gígún yín lọ́tọ̀, ẹni tó bá lè jẹ ẹ́ á wọ́n ọn fúnra ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá dé Amẹ́ríkà, òdìkejì ni. Fries tàbí French fries ni ti gbígbóná, ti inú ọ̀rá ló ń jẹ́ chips. Àfàìmọ̀ kí oníbàárà yín tó ń nàka sí ìpékeré yẹn má jẹ́ ará Amẹ́ríkà, ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ ló pè, ẹ̀yin náà ò sì ṣi í gbọ́, torí òyìnbó ti Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fi kọ́ wa níléèwé. Àwa gan-an níbí ń lo méjèèjì pọ̀, tá a bá wọ ilé oúnjẹ tá a ní chips àti adìẹ, gbígbóná là ń retí, tá a bá wà nínú họ́ọ̀dọ̀ọ̀pù tí ọmọ kan sáré tọ mọ́tò wa pé plantain chips rèé o, gbogbo wa la mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ní Ireland, orúkọ ilé iṣẹ́ kan ló gba gbogbo ẹ̀. Joe Murphy ló dá ilé iṣẹ́ Tayto sílẹ̀ ní Dublin lọ́dún 1954, ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ sì ti sọ crisps èyíkéyìí di tayto, báwa náà ṣe ń pe gbogbo núdù ní Indomie láìwo ara páálí ẹ̀. Àwọn ará Australia ò yọ ara wọn lẹ́nu, chips ni méjèèjì, tí wọ́n bá fẹ́ kó yé yín dáadáa wọ́n á ní hot chips. Chips náà ni méjèèjì ní South Africa, àmọ́ wọ́n ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní slap chips, tó nípọn tó rọ̀, tí wọ́n bu fínígà lé, ní Cape Town wọ́n á tún kì í sínú búrẹ́dì gígùn pẹ̀lú ẹran tàbí ẹja, wọ́n á pè é ní Gatsby, ẹyọ kan ń tó èèyàn bíi mẹ́rin jẹ.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni tàwọn ará Tanzania, chipsi mayai. Wọ́n á ti dín chips sílẹ̀, wọ́n á kó o sínú páànù, wọ́n á po ẹyin, wọ́n á dà á lé e lórí kó gbá a mú yíká, tí abẹ́ ẹ̀ bá ti dì wọ́n á yí i padà lódindi, á wá jáde rìbìtì nínú páànù, wọ́n á gé tòmátì àti àlùbọ́sà tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kò sí èròjà kankan níbẹ̀ tí kò sí lọ́jà wa, ó sì yà mí lẹ́nu pé kò tíì sẹ́ni tó ń tà á láàárọ̀ ní Ọlá-Ìyá tàbí Òkè-Fìà. Ẹ dán an wò, Ìyá wa.

Ní Jámánì, Pommes ni ti gbígbóná, Chips ni ti gbígbẹ. Faransé náà ń pe ti gbígbẹ ní chips, frites ni ti gbígbóná. Ní Mumbai lọ́hùn-ún ní Íńdíà, wafer ni ti gbígbẹ, wọ́n á wá pe èkejì ní finger chips. Ẹ wá wo Netherlands, orílẹ̀-èdè kékeré báyẹn, àwọn ará àríwá ní patat, àwọn ará gúúsù ní friet ni, wọn ò sì tíì ṣe tán láti gbà fúnra wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí àwọn tó ń wá ṣọdún. Látọdún 2005 tí UNESCO ti ka Igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo àgbáyé, oríṣiríṣi èdè lẹ ó máa gbọ́ lọ́nà yẹn. Ohun táwọn ará Brazil ń sọ tẹ́ ẹ ò rántí yẹn, batata frita ni, pọ̀tétò dídín náà ni. Àwọn tó ń sọ èdè Spain láti Amẹ́ríkà ti gúúsù á ní papas fritas. Ẹ wá gbọ́ èyí, Ìyá wa, tí ará Cuba bá dúró síwájú ìsọ̀ yín, ẹ má wulẹ̀ ṣàlàyé ìpékeré fún un. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí wọ́n rẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n dín gbẹ, mariquitas ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, àwọn kan ní chicharritas. Ní Peru àti Ecuador, chifles ni. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba, tí wọ́n ṣì ń bọ Ọ̀ṣun níbẹ̀ dòní olónìí, ń jẹ ohun tẹ́ ẹ̀ ń tà yìí gan-an, inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí ẹ̀, ẹ bu díẹ̀ fún wọn tọ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á rà á.

Ní ti sáìnbọ́ọ̀dù, ẹ kọ ÌPÉKERÉ gàdàgbà sókè pátápátá, ẹ má yọ ọ́ torí òyìnbó kankan o, wọ́n ti Brazil wá rí Ọ̀ṣun, wọ́n lè kọ́ orúkọ kan sí i. Ẹ kọ plantain chips sábẹ́ ẹ̀. Lápá kejì, ẹ kọ PỌ̀TÉTÒ DÍDÍN GBÍGBÓNÁ, kẹ́ ẹ to chips, fries àti batata frita sábẹ́ ẹ̀. Kí ọmọ yín ya àwòrán méjèèjì sí i, kẹ́ ẹ sì gbé ìpékeré sínú sóòkéèsì onígíláàsì síwájú, ẹni tí ò bá gbédè á nàka.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, èmi àtọ̀rẹ́ mi ta tẹ́tẹ́. Ó ní Pringles, èyí tó máa ń wà nínú agolo gígùn yẹn, kì í ṣe pọ̀tétò. Mo ní pọ̀tétò ni. Ta ló jẹ? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Òkè-Fìà

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ẹjọ́ yín yìí ti dé kóòtù rí, nílùú ọba. Lọ́dọ̀ wọn, púpọ̀ nínú oúnjẹ kì í san owó orí VAT, àmọ́ crisps ń san. Ilé iṣẹ́ Procter & Gamble tó ni ín nígbà yẹn wá ní Pringles kì í ṣe crisps, torí pọ̀tétò inú ẹ̀ ò ju nǹkan bí ìdá 42 nínú 100 lọ. Wọn kì í sì í rẹ́ pọ̀tétò láti fi ṣe é lóòótọ́, pọ̀tétò tí wọ́n ti sọ di ìyẹ̀fun ni wọ́n ń pò mọ́ ìyẹ̀fun míì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á gé e lọ́gbọọgba kí wọ́n tó dín in, ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹ̀ fi bára mu tó ṣeé tò léra nínú agolo. Ilé ẹjọ́ gíga gbà fún wọn lọ́dún 2008, ṣùgbọ́n lọ́dún 2009 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní irọ́ ni, ó ní pọ̀tétò inú ẹ̀ tó, kí wọ́n máa sanwó, owó tó wà ńlẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn. Ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Lọ́dún 1975 ìjọba ní tí wọ́n bá máa pè é ní potato chips, kí wọ́n kọ ọ́ sára agolo pé pọ̀tétò gbígbẹ ni wọ́n fi ṣe é. Wọn ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n bá gba orúkọ crisps. Tó bá jẹ́ ti kóòtù lẹ máa tẹ̀ lé, ìwọ lo jẹ, kí ọ̀rẹ́ ẹ sanwó.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé àwọn Faransé ló kọ́kọ́ ṣe French fries? Kí sì dé tí tèmi máa ń rọ̀ jọ̀wọ̀ tí tàwọn tó ń tà á kì í rọ̀? — Ìyàwó Tuntun, Alékúwodò

ÌDÁHÙN: Àwọn ará Belgium ò ní gbà fún Faransé, wọ́n ní tàwọn ni, ìjà yẹn ò sì tíì parí. Pọ̀tétò fúnra ẹ̀, àwọn òkè Peru ló ti wá, àwọn ará Spain ló gbé e wọ Yúróòpù. Orúkọ yẹn náà ti dá wàhálà sílẹ̀ rí, lọ́dún 2003 tí Faransé ò fara mọ́ ogun Iraq, inú bí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà kan, wọ́n bá yí i padà sí freedom fries nílé oúnjẹ àwọn aṣòfin, ìgbà tó di 2006 wọ́n dá a padà síbi tó wà.

Ní ti rírọ̀, ohun táwọn ará Belgium ń ṣe ni kẹ́ ẹ ṣe, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń dín in. Ẹ gé e, ẹ rẹ ẹ́ sómi kí funfun ara ẹ̀ ṣàn dà nù, ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ, omi tó bá ṣẹ́ kù lára ẹ̀ ló ń bà á jẹ́. Ẹ dín in lẹ́ẹ̀kíní nínú epo tí ò gbóná jù, kó kàn jinná, kó má tíì pọ́n, ẹ kó o sínú asẹ́ kó tutù. Tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ jẹun, ẹ jẹ́ kí epo gbóná dáadáa, ẹ ju ẹyọ kan sí i, tó bá hó lójú ẹsẹ̀, ẹ kó ìyókù sí i, kò ní pẹ́ tó máa fi pọ́n. Ẹ má bò ó lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kó o jáde, oru á tún jẹ́ kó rọ̀. Ẹ má sì tọ́jú pọ̀tétò tútù sínú fíríìjì, ṣúgà máa ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀ níbẹ̀, tó bá wá kan iná á dúdú kó tó jinná.