Pupa tó ń wọ inú funfun: èsì fún ẹni tó fẹ́ fi kéènì bo igbá

Okun o, àbúrò. O ní o ṣe kéènì òdòdó pupa àti funfun (ọ̀pá amọ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n dì pọ̀, tí àwòrán kan náà fi ń jáde níbikíbi tí a bá bẹ́ ẹ), o fẹ́ fi bo ẹ̀yìn igbá kékeré kan fún ẹ̀bùn ìgbéyàwó ní Kàbà, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí o bá gé, ojú òdòdó ti wọ́, funfun sì ti di pínǹkì. O tún béèrè iye páálí amọ̀ pólímà, amọ̀ oníke tí à ń yan ní ófùn kó lè le, tó máa tó igbá náà. Àwọn tó kọ́kọ́ dá ọ lóhùn ní kí o lọ ra bíléèdì tó mú. Bíléèdì lọ́wọ́ nínú ẹ̀ lóòótọ́, màá dé orí ẹ̀, àmọ́ kéènì ẹ ti bàjẹ́ kí bíléèdì tó kàn án.

Líle amọ̀ ni. Àwọn àwọ̀ tí o dì pọ̀ ò rọ̀ bákan náà. Nínú amọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà, funfun lè rọ̀ gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀ kí dúdú máa le gbagidi. Tí o bá wá ń fún wọn pa pọ̀ kí wọ́n lè tín-ín-rín, èyí tó rọ̀ á sáré jáde sí ẹnu méjèèjì, èyí tó le á jókòó sáàárín. Ìdí nìyẹn tí ewé òdòdó fi ń sanra níbì kan tó sì fẹ́ẹ̀ẹ́ pòórá níbòmíràn nínú kéènì kan ṣoṣo.

Kí o tó di ohunkóhun, ṣù àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní róbótó, kí wọ́n tóbi bákan náà, tò wọ́n sórí gíláàsì, kí o fi àtàǹpàkò tẹ wọ́n pẹ̀lú agbára kan náà. Ihò tí àtàǹpàkò bá dá gbọ́dọ̀ jìn bákan náà. Èyí tí ihò tiẹ̀ bá jìn jù ló rọ̀ jù: tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, fi í sáàárín tákàdá funfun méjì, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ̀wé níléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kí o gbé ìwé wíwúwo lé e fún bíi wákàtí kan. Wàá rí àbàwọ́n òróró lára tákàdá. Ohun tó jẹ́ kó rọ̀ jù nìyẹn. Má lo ìwé ìròyìn, tàdáwà ẹ̀ máa lẹ̀ mọ́ amọ̀. Èyí tó bá le jù, pò ó mọ́ díẹ̀ nínú amọ̀ aláìláwọ̀ tó rọ̀, ti ilé-iṣẹ́ kan náà. Òróró ìdáná kọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Ti pínǹkì: funfun ni kí o kọ́kọ́ pò, tẹ̀ lé e pẹ̀lú yẹ́lò, lẹ́yìn náà pupa, dúdú ni yóò kẹ́yìn. Láàárín àwọ̀ kan sí òmíràn, fi wáìpù ọmọdé nu ọwọ́, nu gíláàsì, nu ìgò tí o fi ń yí i. Pupa tí àwa ará ìhín fẹ́ràn yìí, pupa aṣọ ìpò (aṣọ ìsìnkú) àwọn Bùnú, alágídí ni. O lè fọ ọwọ́ tán kí o rò pé ó ti mọ́, àfi ìgbà tí o bá fọwọ́ kan funfun. Nu bíléèdì náà pẹ̀lú sípírítì lẹ́yìn bíbẹ́ mẹ́ta mẹ́rin.

Dídì òdòdó fúnra ẹ̀ ò le, o ti mọ̀ ọ́n. Yí amọ̀ funfun di ọ̀pá fún inú, fi pẹlẹbẹ pupa tó nípọn 1.5 mìlímítà wé e, fà á gùn, gé e sí márùn-ún, fún ẹ̀gbẹ́ kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan kó ṣẹnu ṣóńṣó, tò wọ́n yí yẹ́lò àárín ká. Ohun tí wọ́n máa ń gbójú fò ni àlàfo láàárín ewé sí ewé. Dí wọn pa pátápátá pẹ̀lú amọ̀ àwọ̀ ẹ̀yìn, èyí tó máa yí òdòdó ká, tí o gé ní onígun mẹ́ta, títí dé òkè ewé. Bí afẹ́fẹ́ bá kù síbẹ̀, ewé máa wó sínú ẹ̀.

Ibi tó máa ń mú èèyàn sunkún ni sísọ kéènì di tẹ́ẹ́rẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn olùkọ́ inú fídíò máa ń sáré kọjá. Wọ́n á gbé kéènì gàǹgà sílẹ̀, wọ́n á gé fídíò, ó ti tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó ń gbowó kọ́ èèyàn tí kò fi ibẹ̀ han èèyàn, kí ló ń kọ́ wọn? Gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Jẹ́ kí kéènì sinmi fún wákàtí díẹ̀ kí ooru gbogbo àwọ̀ lè bára mu. Tó bá ti pẹ́ tó ti le, fi àtẹ́lẹwọ́ mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ kí o tó fún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ inú ẹ̀ máa sán láìjẹ́ pé o rí i lóde. Gbé e nàró. Fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú ní ìbàdí, àárín gan-an, kí o fún un. Yí i díẹ̀, fún un. Yí i díẹ̀ sí i, fún un, títí wàá fi yí i po. Dojú ẹ̀ dé kí òkè di ìsàlẹ̀, bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Bí ìbàdí bá ti tín-ín-rín tí orí àti ìdí ṣì fẹ̀, ọ̀nà lo wà. Láti ibẹ̀ ni kí o máa fún un lọ sókè, kí o máa fún un lọ sísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tó bá ti gùn dáadáa ni kí o tó gbé e dùbúlẹ̀ yí i lórí gíláàsì.

Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yíyí. Awọ òde nìkan ni yíyí máa ń fà. Awọ á sáré ṣíwájú inú, ẹnu méjèèjì á jin kòtò, àwòrán á sì kúrú sáàárín. Fi ìṣirò yìí yẹ ara ẹ wò: bí ìbú bá dín sí ìdajì, gígùn gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Kéènì tó fẹ̀ ní 5 sẹ̀ǹtímítà tó sì ga ní 4, tí o bá sọ ìbú ẹ̀ di 2.5, ó yẹ kó gùn tó 16. Gé sẹ̀ǹtímítà kan sí kan àbọ̀ kúrò lẹ́nu kọ̀ọ̀kan, àwòrán tó dáa ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá kánjú á da ìdá kan nínú mẹ́ta nù. Má jù ú nù o, ó ṣeé ṣe ní inú ìlẹ̀kẹ̀.

Bíléèdì wàyí. Kéènì tó gbóná ò ṣeé bẹ́, pàápàá lóṣù kẹta tí ooru ìhà Lọ́kọ́ja ń jó bí iná. Wé e sínú ọ̀rá, fi í sí fíríìjì fún bí ìṣẹ́jú 20. Bí iná ò bá sí, gbé e lórí píọ̀ wọ́tà tó ti di yìnyín. Bíléèdì gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí o lò, tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ gbọọrọ, má fi í rẹ́ bí ẹni ń rẹ́ búrẹ́dì. Lẹ́yìn bíbẹ́ kọ̀ọ̀kan, yí kéènì ní ìdá mẹ́rin kan kó má bàa tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. 1.5 mìlímítà dáa fún igbá.

Lórí ooru tí mo dárúkọ yìí: má fi amọ̀ tútù sílẹ̀ nínú mọ́tò tàbí lábẹ́ páánù gbígbóná. Á bẹ̀rẹ̀ sí í jiná láìtíì dé ófùn, á máa fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìdí tí mo fi ń bínú sí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tú ẹrù wò nìyẹn. Wọ́n á tú páálí tó ti òkè òkun dé, wọ́n á béèrè bóyá kẹ́míkà ni, wọ́n á gbé e sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á tún ní kí o wá san owó ìfipamọ́. Tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí o tó fọwọ́ sí ìwé wọn. Má sì kó o sínú ike líle tó ń dán gbinrin, amọ̀ tútù máa ń jẹ irú ike bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá lásán ò ṣe é ní nǹkan kan.

Igbá: kó gbẹ dáadáa, họ ẹ̀yìn ẹ̀, gbé e sí ófùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún bí ìṣẹ́jú 20 kí omi inú ẹ̀ jáde, jẹ́ kó tutù. Fi gọ́ọ̀mù funfun ra á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, jẹ́ kó gbẹ kó kù díẹ̀ tó ń lẹ̀, kí o to àwọn ègé kéènì sórí ẹ̀. Gbé tákàdá lé e, fi ìka fọwọ́ rà á kí ojú ìpàdé wọn parẹ́. Fi abẹ́rẹ́ gún ibi tí afẹ́fẹ́ bá há sí. Ẹ̀yìn nìkan o. Igbá tí wọ́n bá fi amọ̀ yìí bo inú ẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí.

Yíyan ló ti pa iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn ará Amẹ́ríkà nínú fídíò á ní "275", wọn ò ní sọ pé Fahrenheit ni. Ófùn tiwa, Celsius ló wà lára ẹ̀. 275 tiwọn jẹ́ 135 tiwa! Ẹni tó bá yí i sí 275 máa rí èéfín dúdú, á sì gbóòórùn kan tó ń ta imú, gáàsì tó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bó bá ṣẹlẹ̀, pa ófùn, ṣí fèrèsé, jáde. Ka ara páálí irú amọ̀ tí o rà: Fimo, 110 fún ìṣẹ́jú 30, Premo, nǹkan bíi 130 fún ìṣẹ́jú 30 fún mìlímítà 6 kọ̀ọ̀kan, Kato, 150. Má gba nọ́ńbà tó wà lára ófùn gáàsì gbọ́, ra tẹmómítà ófùn, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ẹ. Gbé igbá sórí táìsì, fi fóìlì ṣe àgọ́ bò ó kí funfun má bàa pọ́n. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń yan lórí ẹ̀dú, kì í sì í ṣe ti màíkírówéèfù. Bí iná bá lọ láàárín, kò sí wàhálà, tún un yan nígbà tó bá dé. Yan ègé tẹ́ẹ́rẹ́ kan pọ̀ mọ́ ọn. Tó bá tutù, tẹ̀ ẹ́. Èyí tó jiná máa tẹ̀, èyí tó kán pẹ́kẹ́ ò tíì jiná.

Iye páálí, mo ti fẹ́ẹ̀ gbàgbé. Ìdajì igbá tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 14, nípọn 1.5 mìlímítà, ó máa gbà tó gíráámù 85. Fi ohun tó máa dànù kún un, páálí 57 gíráámù mẹ́ta ni kí o rà, funfun kan nínú wọn. Ó ṣì máa kù díẹ̀ fún àtúnṣe. Àwọn kan ń ta amọ̀ ìṣeré ọmọdé nínú páálí tó jọ ọ́, nítorí náà yan ègé kékeré kí o tó ra èyí tó pọ̀: ti pólímà á le, ti ọmọdé á yọ́.