Ẹ̀jẹ̀ tó ń kán ní ìparí ìtọ̀: ó ṣe mí rí ní Ẹ̀pẹ́

Ìyá wa, ẹ ní ọmọ yín ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ń tọ ẹ̀jẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ń bi í pé ọmọbìnrin wo ló kó àtọ̀sí ràn án. Ẹ bá mi bẹ bàbá rẹ̀, kó má tíì nà án. Ohun tó ń ṣe ọmọ yín ti ṣe mí rí, ní Ẹ̀pẹ́ níbí, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 12.

Ẹ bi í léèrè: ṣé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìtọ̀ náà ti ń pọ́n, àbí ìparí ni ẹ̀jẹ̀ ń kán? Tèmi, ìparí ni. Màá rò pé mo ti tọ̀ tán, ẹ̀kán méjì mẹ́ta á wá já bọ́ sórí yanrìn, á sì máa ta mí bí ata. Àwa ọmọkùnrin mẹ́ta tí a jọ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò kékeré ẹ̀yìn ilé wa ló ń ṣe. A ò kà á sí, a rò pé àgbà ló ń dé.

Àtọ̀sí ajá ni wọ́n ń pè é. Orúkọ yẹn ló fi ìyà jẹ mí. Ìyá mi àgbà ní mo ti tẹ ìtọ̀ ajá mọ́lẹ̀. Bàbá mi ní tirẹ̀ gbọ́ “àtọ̀sí”, ó di ọ̀rọ̀ obìnrin. Ó nà mí, ó wọ́ mi lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ márùn-ún fún àrùn tí n kò ní. Ẹ̀jẹ̀ ò dá.

Aràn ni. Theodor Bilharz, dókítà ará Jámánì, ló kọ́kọ́ rí i ní 1851 nínú òkú tó ń yẹ̀ wò ní Káírò, òun ni wọ́n fi ń pè é ní bilharzia. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká ni takọtabo ń gbé, akọ á wé mọ́ abo bí ewé ṣe ń wé mọ́ ẹ̀kọ, wọ́n á máa yé ẹyin fún ọdún púpọ̀. Ẹyin yẹn ló ń gún àpò ìtọ̀ jáde. Ẹni tó bá tọ̀ sódò ti gbé e fún ìgbín kékeré inú omi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun tí ojú ò lè rí á jáde lára ìgbín, á gba awọ ara wọlé sára ẹni tó bá wà nínú odò. Ajá jàre, ọmọbìnrin náà jàre.

Àǹtí mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló mú mi lọ ṣe àyẹ̀wò níkẹyìn. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kọ ìtọ̀ tí a gbé láti ilé wá. Ó ní kí n dúró di ọ̀sán, kí n sáré lọ sáré bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n tó tọ̀. Ẹ di èyí mú o: láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán ni ẹyin ń pọ̀ jù, ìtọ̀ ìdájí lè ní kò sí nǹkan. Ó jẹ́ kí n fojú ara mi wò ó nínú maikirosíkóòpù: ó rí bí ẹ̀gúsí tí a ò tíì bó, ẹ̀gún ṣóńṣó kan wà nídìí rẹ̀. Bàbá mi náà wò ó. Kò bẹ̀ mí o, ṣùgbọ́n nígbà tó dé láti ọjà Olúwo lálẹ́, orí ẹja bọ́ sínú abọ́ mi.

Praziquantel ni oògùn rẹ̀. Ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń kà á, mílígíráàmù 40 fún kílò kan. Èmi tí mo jẹ́ kílò 30, hóró méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 600 ni mo gbé mì, ó korò bí ewúro. Ẹ jẹ́ kó jẹun kó tó lò ó. Inú lè run ún, òòyì lè kọ́ ọ. Ẹ má fúnra yín rà á. Kí wọ́n tún ìtọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, torí oògùn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ pa aràn tó ṣì kéré.

Ẹni tó bá ní ó máa lọ fúnra rẹ̀, ẹ má dá a lóhùn. Ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta kò lo nǹkan kan, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ sì dá, ó tilẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó lé ní ogójì ọdún kí ìtọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í há a. Dókítà tó ń rí sí ọ̀nà ìtọ̀ ní àpò ìtọ̀ rẹ̀ ti le bí èèpo ẹyin, kíndìnrín kan sì ti wú. Jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ náà lè tibẹ̀ wá.

Ẹ má ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, kì í ràn báyẹn. Àwọn àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń wọ odò, ẹ kó wọn lọ fún àyẹ̀wò, lọ́kùnrin lóbìnrin. Tó bá sì jẹ́ omi odò náà lẹ ń fi wẹ̀, ẹ pọn ọ́n sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ dé e, ó di ọ̀túnla kí ẹ tó bù ú.