Yàrá Kan fún Ènìyàn Mẹ́jọ ní Orlando: Ìdáhùn sí Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìlú Houston ni a ń gbé. A fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Disney ní Orlando nínú Oṣù Keje, òru mẹ́fà la ó sì lò. Mẹ́jọ ni wá: èmi àti ọkọ mi, àwọn ọmọ mẹ́rin (ọdún 2, 5, 9 àti 13), màmá mi tí wọ́n ń bọ̀ láti Ìbàdàn, àti àbúrò ọkọ mi obìnrin. Hòtẹ́ẹ̀lì wo ló wà nítòsí Disney tí yàrá rẹ̀ kò ju $95 lọ lóru, tí wọn kì í sì í yọ àlejò lẹ́nu lórí iye ènìyàn tó bá sùn síbẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ pé orúkọ ènìyàn mẹ́rin ni àwọn fi sílẹ̀, tí àwọn yòókù gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. A ti ra bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí méjì sílẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò, ẹ sì kú ọmọ títọ́. N kò ní dárúkọ irú hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹ ń béèrè fún, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìfepo bọyọ̀. Ìbéèrè yìí ni àwọn ènìyàn wa máa ń bi mí jù lọ bí ìsinmi ilé-ìwé bá ti ń sún mọ́lé. Ohun tó ń bí mi nínú nípa rẹ̀ ni pé àwọn tó ṣe é tí àṣírí wọn kò tú ni wọ́n máa ń gba àwọn ẹlòmíràn nímọ̀ràn. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n kó ẹrù wọn jáde ní agogo mọ́kànlá òru kì í dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Iye ènìyàn tí wọ́n kọ sí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ahun onílé. Ara ètò ààbò iná ni. Bí iná bá ṣẹ́ yọ lóru, iye orúkọ tí ẹ fi sílẹ̀ ni òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì yóò sọ fún panápaná. Bí ẹ bá kọ mẹ́rin, ènìyàn mẹ́rin péré ni wọn yóò máa wá kiri. Òfin ìpínlẹ̀ Florida tún fún onílé ìtura lágbára láti ní kí àlejò tó tàpá sí òfin ilé máa lọ, ẹni tó bá sì kọ̀ láti lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti kìlọ̀ fún un lè bá ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ mi rọ́pò ti agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìyá àgbà tó fi físà àbẹ̀wò wọ ìlú kò yẹ lẹ́ni tí yóò máa ṣàlàyé fún ọlọ́pàá lóru ìdí tó fi gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Ẹ tún rò ó wò ní ọ̀nà mìíràn: ẹni tó tọ́ yín dàgbà ni ẹ fẹ́ kí ó rin ìrìnàjò láti Ìbàdàn, kí ó wá máa fara pamọ́ fún agbálẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì.

Nínú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tí owó wọn kéré jù ní ilẹ̀ Disney fúnra rẹ̀, irú bíi All-Star àti Pop Century, ènìyàn mẹ́rin ni yàrá lásán máa ń gbà. Wọn kì í ka ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta tó bá sùn nínú bẹ́ẹ̀dì ọmọdé mọ́ wọn, nítorí náà àbíkẹ́yìn yín bọ́ síta nínú ìṣirò. Méje ló kù. Méje kò wọ inú mẹ́rin, bí ó ti wù kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí bẹ́ẹ̀dì tó.

Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní ẹ rí ibi tí wọn kò ti ka ènìyàn, ẹ kò ní rí èrè tí ẹ rò pé ẹ ó rí. Ibi tí àṣìṣe náà wà gan-an nìyí, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Owó òru kan lórí yàrá kan ni ẹ fi ń díwọ̀n, bẹ́ẹ̀ iye tí gbogbo yín yóò ná lórí oorun, oúnjẹ àti ọkọ̀ láti ọjọ́ tí ẹ dé títí di ọjọ́ tí ẹ ó padà ló yẹ kí ẹ fi díwọ̀n. Iye tí mo fẹ́ lò nísàlẹ̀ yìí jẹ́ àpẹẹrẹ lásán, ẹ má fi dá onílé kankan lẹ́jọ́. Owó máa ń ga nínú Oṣù Keje, ó sì lè yàtọ̀ láàárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́.

Yàrá méjì, iye tó lè gbà yín láìpurọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ $95, di $190 lóru, òru mẹ́fà sì sọ ọ́ di $1,140. Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì agbègbè náà tún ń gba ohun tí wọ́n ń pè ní resort fee, ìyẹn owó dandan tí wọ́n ní ó wà fún íntánẹ́ẹ̀tì, odò ìlúwẹ̀ẹ́ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ $25 lórí yàrá kọ̀ọ̀kan lóru, $300 ti gorí ti àkọ́kọ́. Owó orí wá kù. Lórí ibùwọ̀ ní Osceola County, níbi tí Kissimmee wà, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 13.5%, ní Orange County, níbi tí ìlú Orlando gan-an wà, ó jẹ́ 12.5%. Bí a bá fi 13.5% lé $1,440, ó di $1,634.40. Nígbà yẹn, yàrá $95 ti yí padà di nǹkan mìíràn lójú yín. Láti ọjọ́ 12, Oṣù Karùn-ún, ọdún 2025 ni òfin FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti fi dandan lé e pé kí gbogbo owó tí kò ṣe é yẹ̀ wà nínú iye tí wọ́n bá ń polówó, ṣùgbọ́n owó orí ìjọba ṣì lè wà lọ́tọ̀, nítorí náà ojú ewé ìkẹyìn, níbi tí ẹ ó ti sanwó, ni kí ẹ máa gbára lé.

Ẹ wá gbé ilé háyà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Agbègbè tí a ń sọ yìí, láti Kissimmee ní òpópónà 192 títí dé Davenport àti ChampionsGate, kún fún odidi ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn arìnrìnàjò, oníyàrá mẹ́ta, mẹ́rin, títí dé mẹ́jọ. Ká ní ẹ rí oníyàrá mẹ́rin ní $180 lóru: òru mẹ́fà jẹ́ $1,080. Onílé yóò gba owó ìgbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ká pè é ní $200, ìkànnì tí ẹ gbà á lórí rẹ̀ yóò sì mú tirẹ̀, ká pè é ní $170. Ó di $1,450, owó orí sì sọ ọ́ di nǹkan bí $1,646. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti yàrá méjì kò tó $12. Fún $12 yẹn, ẹ ní yàrá mẹ́rin dípò méjì, ẹ ní pálọ̀, ẹ ní ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ sì ní ilé ìdáná.

Ilé ìdáná yẹn ló dá gbogbo ẹjọ́ yìí. Ènìyàn méje tó ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ $10 àti oúnjẹ alẹ́ $15 níta yóò ná $1,050 ní ọjọ́ mẹ́fà, láìka ohun tí wọn yóò jẹ lọ́sàn-án nínú ọgbà ìṣeré. Bí ẹ bá fi $400 ra ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹyin, adìyẹ, búrẹ́dì àti ìpápánu ní Walmart, tí ẹ sì se ọbẹ̀ ìkòkò kan sínú fìríìjì ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dé, $650 ti dúró sápò yín. Màmá kò sì ní jẹ bọ́gà fún alẹ́ mẹ́fà. Ẹ ó kàn máa rà á, wọn yóò máa fi í sílẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé àwọn yóò gbé sítóòfù oníná kékeré wọ yàrá hòtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ló ka èyí léèwọ̀, ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín yóò sì kéde dòdò yín fún gbogbo àjà náà. Nígbà náà ni ẹni tó wá wo ohun tó ń jó yóò ṣílẹ̀kùn, yóò sì ka orí mẹ́jọ.

Ọ̀rọ̀ ilé háyà yìí ní ibi tí kì í ti í ṣiṣẹ́. Owó ìgbálẹ̀ kì í dín kù nítorí pé ẹ kò pẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ sun òru mẹ́ta péré, ilé kan náà yóò jẹ́ $540 pẹ̀lú $200, pẹ̀lú nǹkan bí $110 fún ìkànnì, owó orí yóò sì gbé e lọ sí $965. Yàrá méjì yóò jẹ́ nǹkan bí $817. Nítorí náà, bí òru kò bá pé mẹ́rin, yàrá hòtẹ́ẹ̀lì méjì tó ní ilẹ̀kùn láàárín ara wọn ni mo máa ń gbà fún àwọn oníbàárà mi, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń fúnni ní oúnjẹ àárọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi tẹlifóònù béèrè bóyá wọ́n lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé àwọn yàrá náà yóò so pọ̀, nítorí "a ó gbìyànjú" kì í ṣe ìdánilójú.

Ilé háyà láìsí ọkọ̀ jẹ́ ìyà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Houston lè wa ọkọ̀ tiyín dé ibẹ̀, bí ó tilẹ̀ súnmọ́ ẹgbẹ̀rún máìlì. Bí ó bá ní ìjókòó mẹ́jọ, ẹ ti bọ́. Ẹ fi owó páàkì ní àwọn ọgbà Disney kún ìṣirò yín, ó kéré tán $30 lójúmọ́, ó sì máa ń ga sí i. Àwọn tó bá sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì Disney kì í san èyí, wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ lọ sí àwọn ọgbà náà, wọ́n sì lè wọlé ní ìdajì wákàtí ṣáájú àwọn yòókù. Èrè gidi nìyẹn, n kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ẹ má fi bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ láti pápákọ̀ òfurufú kún un bí àwọn kan ṣe ń sọ, ó ti kógbá wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Àwọn yàrá ìdílé tó wà ní Art of Animation àti All-Star Music, àti ti hòtẹ́ẹ̀lì Cabana Bay lọ́dọ̀ Universal, ọgbà ìṣeré mìíràn ní Orlando, ènìyàn mẹ́fà ni wọ́n ń gbà, wọn kò sì tó yín.

Ibì kan ṣoṣo ló súnmọ́ ohun tí ẹ ń wá, mo sì gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ kí ẹ má baà sọ pé mo fi pamọ́: Fort Wilderness, ibùdó àgọ́ tó wà nínú ilẹ̀ Disney láti ọdún 1971, níbi tí àyè kan ti lè gba ènìyàn mẹ́wàá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́. Àgọ́ ni o. Nínú Oṣù Keje, pẹ̀lú ooru Florida àti àrá ọ̀sán tí kì í sáà fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀, ẹ fi lọ̀ màmá kí ẹ tó sanwó.

Ní ti "nítòsí Disney", gbogbo ẹni tó ní ilé láàárín ọgbọ̀n máìlì ló ń kọ ọ́. Ẹ fi àdírẹ́sì gangan sínú máàpù ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan, kí ẹ wo bí òpópónà I-4 ṣe ń rìn. Fún Magic Kingdom, ọ̀kan nínú àwọn ọgbà Disney, ẹ ṣírò rẹ̀ dé Transportation and Ticket Center, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń páàkì. Ẹ ó tún wọ ọkọ̀ ojú irin orí afárá tàbí ọkọ̀ ojú omi kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà gan-an.

Ẹ ṣọ́ra fún olè. Bí ẹnikẹ́ni bá fi fọ́tò ilé ránṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ WhatsApp, tó ní kí ẹ fi Zelle, ọ̀nà ìfowóránṣẹ́ orí fóònù, sanwó fún òun kí òun lè "dín owó ìkànnì kù fún yín", kódà kí ó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tèmi, ẹ má san án. Ilé tí wọ́n ń yáni fún ọjọ́ díẹ̀ ní Florida máa ń ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀ka ìjọba tó ń jẹ́ DBPR, ẹ sì lè fi nọ́ńbà rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń fúnni ní ibùsùn olówó pọ́ọ́kú kí ẹ lè wá gbọ́ àlàyé wákàtí méjì, timeshare ni wọ́n ń tà, ìyẹn ìpín nínú ilé ìsinmi tí ẹ ó máa lò fún àkókò díẹ̀ lọ́dọọdún. Bí wọ́n bá ti mú yín fọwọ́ sí i, òfin Florida fún yín ní ọjọ́ mẹ́wàá láti yí ọkàn padà lórí ìwé; ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ kọkànlá mọ́.

Bí ilé bá ní odò ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìn, ẹ béèrè bóyá ọgbà yí i ká àti bóyá ilẹ̀kùn tó lọ síbẹ̀ ń dún bí wọ́n bá ṣí i. Ọmọ ọdún méjì kì í pariwo kí ó tó rì. Bí onílé kò bá lè dáhùn kíákíá, ẹ fi ilé náà sílẹ̀, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ dùn tó.

Ẹ tún béèrè ibi tí àwọn yàrá wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé alájà méjì tó so mọ́ra wọn ní Davenport ló jẹ́ pé òkè ni gbogbo bẹ́ẹ̀dì wà, ìsàlẹ̀ kò sì ní ju ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kékeré lọ. Lẹ́yìn tí màmá bá ti fi ẹsẹ̀ rin ọgbà Disney láti àárọ̀ dé alẹ́, wọn kò ní lè gun àkàsọ̀ láti lọ wẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò yàrá ìsàlẹ̀ àti balùwẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.