Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kí ló bomi la ẹ̀rín Dark Star?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Dark Star, fíìmù ẹ̀fẹ̀ ojú òfuurufú tí John Carpenter darí, pa wá lẹ́rìn-ín gan-an níbì kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kùn wá lóorun níbòmíì. Kí ló fà á? À ń kọ eré aláwàdà kékeré kan lọ́wọ́, a ò sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.
— Tẹ̀gbọ́n tàbúrò

ÌDÁHÙN: Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni fíìmù yẹn ní yunifásítì Southern California kí wọ́n tó rówó fà á gùn fún sinimá. Nígbà tó jáde lọ́dún 1974, ó ti di ìṣẹ́jú 83. Kì í ṣe gbogbo àwàdà inú rẹ̀ ló gba fífà.

Bọ́ǹbù Nọ́ńbà 20 gbà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bọ́ǹbù tó ń sọ̀rọ̀ yìí gbọ́ pé kóun jáde kúrò nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ti àkọ́kọ́, àṣìṣe ni. Kọ̀ǹpútà ní kó padà sí àyè rẹ̀, ó padà. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, àṣìṣe náà ni. Ó padà, àmọ́ ó ní ìgbà ìkẹyìn rèé o. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, àṣẹ gidi ni, ṣùgbọ́n ó há mọ́ ọkọ̀, ó sì taku pé òun á bú gbàù lásìkò. Ni Doolittle, ọ̀gá inú ọkọ̀, bá jáde lọ bá a, ó ń bi í báwo ló ṣe mọ̀ pé òun wà. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ń fi nǹkan lé ti ìṣáájú, aago sì ń lọ. Bọ́ǹbù ọ̀hún ò ṣàwàdà rárá. Ohùn akọ̀wé tó mọ̀wà hù ló fi ń sọ̀rọ̀.

Ẹ wá wo ẹran abàmì tí Pinback, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà, ń sìn. Bọ́ọ̀lù etíkun tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí ni, tí wọ́n wá fi ẹsẹ̀ eléèékánná sí nísàlẹ̀. Bá a ṣe rí i báyìí, ẹ̀rín ni. Ṣùgbọ́n ojú ni àwàdà yẹn wà fún, ojú sì ti rí i tán. Nígbà tí Pinback yóò fi máa rọ̀ dirodiro nínú ihò ẹ̀rọ agbéniròkè, tí bọ́ọ̀lù ń rín in nígàákè, ó ti pẹ́ jù. Ìgbà tó yìnbọn fún un, tí atẹ́gùn tú jáde tó sì ń fò kiri bíi bàlúù ọmọdé, lẹ̀rín tó padà.

Nínú eré tiyín, ẹ kọ ohun tuntun tó ṣẹlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìran kọ̀ọ̀kan. Bí ìran méjì tó tẹ̀ léra bá ní ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ gé ìkejì, kódà bí òun lẹ fẹ́ràn jù.

Bọ́ọ̀lù yẹn ò kúkú ṣòfò: Dan O'Bannon, tó bá Carpenter kọ ọ́ tó sì ṣe Pinback, tún gbé ẹran abàmì sínú ọkọ̀ òfuurufú, ó yọ ẹ̀rín kúrò, ó di fíìmù abanilẹ́rù Alien lọ́dún 1979.